Sísun Là Ń Sun Rárà

Bí ẹnì kan bá sọ níwájú àgbà Ọ̀yọ́ pé òun gbọ́ "orin rárà" níbi ìsọmọlórúkọ kan, àgbà náà á tún un ṣe fún un wẹ́rẹ́. A kì í kọ rárà. Orin là ń kọ. Rárà, sísun là ń sun ún. Ìjálá, sísun ni. Ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, sísun. Ẹkún ìyàwó, sísun. Ìrèmọ̀jé tí àwọn ọdẹ fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ wọn tó kú, sísun. Ṣùgbọ́n iwì egúngún, kíké là ń ké e. Ẹ̀sà ń kọ́, pípè. Oríkì, kíkì. Yùngbà tí àwọn ayaba fi ń yin Aláàfin ní ààfin Ọ̀yọ́, kíkùn ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní akùnyùngbà. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tó jókòó pín àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún wa. Etí ló pín wọn: etí àwọn tó mọ̀ pé ohun tí ọ̀fun ń ṣe nínú ìkíní yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe nínú ìkejì.

"Sun" yìí ni mo fẹ́ dúró tì, nítorí iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ le ju bí ó ṣe ń dún lọ. Lójú tèmi, nínú gbogbo iṣẹ́ tí Yorùbá ń fi ẹnu ṣe, òun ló ń béèrè ìṣọ́ra jù lọ, òun náà sì ni a ń fi ojú àná wò jù lọ.

Gbogbo wa là ń pe ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́ láìfura. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ ń sunkún ti sọ pé ọmọ ń sun ẹkún. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ ọwọ́ tí ebi ń pa: ohùn á jáde, á gùn, á máa gùn títí èémí á fi tán, á já, ọmọ á fa èémí sínú, á tún gbé e. Èémí kan, ohùn gígùn kan, ìdákẹ́ díẹ̀. Bí sísun ṣe ń rìn nìyẹn, lẹ́nu ọmọ àti lẹ́nu àgbà onírárà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Onírárà ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀kan ṣoṣo nù nínú wọn nítorí pé ó ń na ohùn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó ń kọrin ní ààyè díẹ̀ láti tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́ ohùn orin, àwọn tó ń gbọ́ ọ á sì fi ojú inú tún ọ̀rọ̀ náà tò. Nígbà tí ìjọ Kristẹni gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló yí padà lẹ́nu akọrin débi pé bí kò bá sí ìwé orin lọ́wọ́ ẹni, ó le kí èèyàn tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó mú orin ìsìn padà sórí ohùn èdè wa. Ní 1922 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo níbẹ̀. Ẹni tó ń sun kò ní wàhálà yẹn, nítorí kò gbé ohùn kankan wá láti ìta. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ohùn rẹ̀. Ohun tó ń ṣe fún un ni pé ó nà án, ó gbé òkè rẹ̀ ga sí i, ó rẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí i, ó mi àárín rẹ̀. Òkè kò gbọdọ̀ di ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìsọ̀rọ̀ lásán àti orin ni ó dúró sí, ó sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì láìyẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn kan tí mo hun fúnra mi ṣe àpẹẹrẹ, kí n má baà já oríkì olóríkì gbà: "Àkànní, ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-fálejò-kó-tó-kankùn." Bí a bá sọ ọ́ lásán, ó ti tán kí a tó ṣẹ́jú. Bí obìnrin onírárà tó gbó nínú iṣẹ́ bá gbé e, yóò kọ́kọ́ pe Àkànní nìkan. "À" àti "kàn" á wà nílẹ̀, kò ní fi àkókò ṣòfò lórí wọn. "Ní" ni yóò dúró lé. Yóò gbé e lọ sókè, yóò dì í mú níbẹ̀, ohùn á máa mì lẹ̀lẹ̀, kò sì ní bọ́ sílẹ̀, nítorí bí ó bá bọ́, orúkọ ẹlòmíràn ló pè. Ìdákẹ́ díẹ̀ á tẹ̀lé e; onílù á ti ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tirẹ̀. Nígbà tí obìnrin yìí bá padà dé, yóò sáré. "Ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-fálejò" á jáde ní wàrà-wàrà, ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, láìsí àlàfo kankan tí èèyàn lè ki abẹ́rẹ́ bọ̀. Ní "kó tó" ni yóò tẹ ìrìn náà lọ́rùn. Ó wá ku "kankùn". Yóò gbé "kan" kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, yóò jẹ́ kí "kùn" rì, yóò sì na ìró imú tó wà ní ìdí rẹ̀ títí ẹnu á fi pa dé tí ohùn á sì di kíkùn lásán nínú àyà.

Níbo ló ti mí? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bi ara mi nígbàkígbà tí mo bá ń gbọ́ wọn, òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Kò lè mí láàárín "a-ṣílẹ̀kùn" àti "fálejò". Gbólóhùn ni oríkì yẹn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di orúkọ. Ẹni tó bá fi èémí gé e sí méjì ti ya orúkọ onílé. Nítorí náà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ mọ bí ẹyọ oríkì tó ń bọ̀ ṣe gùn tó, kí ó sì ti fa èémí tó máa gbé e dé ìdí. Ìgbà tí onílù ń sọ̀rọ̀ ló ti fà á, ẹ̀yin kò sì rí i. Àwọn tí kò tíì gbó nínú iṣẹ́ ni èjìká wọn máa ń gbéra sókè. Ọ̀gá, ikùn rẹ̀ nìkan ló mì.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti gba ẹni tó ń sun láyè láti ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà jinlẹ̀ sí jù lójú mi. Mo tún hun òmíràn: "Wọ́n fún un nílé, ó gbalé, wọ́n fún un lóko, ó gbokò." Kò sí ohun tó ń jẹ́ okò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oko ni, ohùn àárín ló wà ní ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ parí sókè, "ilé"; bí ìkejì bá parí sí àárín, kò ní dún bí ìdáhùn. Olóhùn á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá, òkè á dojú kọ ìsàlẹ̀, etí á sì balẹ̀. Àwọn onímọ̀ bí Ọlátúndé Ọlátúnjí, ẹni tó tẹ ìwé lórí ewì alohùn Yorùbá jáde ní 1984, ti tọ́ka sí àṣà yìí dáadáa. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀yin náà á rí i pé kò léwu: "lóko" ti jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́nà tó tọ́ nínú ìlà kan náà, kò sì sí ẹni tí ìtumọ̀ á ṣì lọ́wọ́ nígbà tí ó bá padà wá gẹ́gẹ́ bí "okò". Ẹni tó ń ṣọ́ ohùn ọ̀rọ̀ bí ojú láti àárọ̀ ló mọ ibi tó ti lè tú u sílẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ á ṣe é níbi tí kò yẹ, á sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí olóyè láìmọ̀.

Ẹkún ìyàwó ni ibi tí mo rò pé sísun ti le jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin tí kì í ṣe ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ló ń ṣe é. Ní Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tó yí i ká, kí ìyàwó tó lọ sílé ọkọ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ìyá, dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àwọn àgbà agbo ilé, á máa sun ẹkún fún wọn. Ní Òkukù, rárà ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Karin Barber, tó gbé láàárín wọn ní àwọn ọdún 1970, fi í sínú ìwé rẹ̀ lórí oríkì ìlú náà tó jáde ní 1991. Ọmọbìnrin yìí ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn ìyá ilé. Ó á dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á tọrọ àdúrà, á sọ ẹ̀rù ilé tí kò tíì dé rí. Omijé tó ń bọ̀ lójú rẹ̀ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kí omijé di òun lọ́fun, ọ̀rọ̀ á dàrú: ẹni tó bá fi ìbànújẹ́ ti ohùn ìdí "ọkọ" sókè ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ sílé ọkọ́. Ó gbọ́dọ̀ sunkún, ó sì gbọ́dọ̀ sun ẹkún, lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọ̀fun kan. Mo ti gbọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò bá a wí lórí ọ̀rọ̀ rárá. Ìparí ìlà ni ó ń mú un padà sí léraléra: "Má jù ú sílẹ̀, gbé e kalẹ̀. Ọmọ mi, gbé e kalẹ̀." Ọmọ náà á tún un ṣe, ìyá á mirí, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe é bí ó ti yẹ, àwa tó jókòó tì wọ́n mọ̀ ọ́n kí ìyá tó sọ̀rọ̀, nítorí ìlà náà lọ sílẹ̀ láìfọ́.

Ìjálá yàtọ̀. Ti Ògún ni, ti ọdẹ ni, ohùn rẹ̀ sì le. Ọ̀fun á fún pọ̀, ohùn á gba imú kọjá díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa ya lu ara wọn ju ti rárà lọ. Onírárà lè dúró lórí orúkọ ẹnì kan kó máa kẹ́ ẹ. Oníjálá kì í pẹ́ níbì kan: láti orí olóyè á fò sórí erin, láti orí erin sórí igi ìrókò, kó tó padà wá kí ẹni tó pe àsè. Ẹni tó bá ní àwo Ògúndáre Fọ́yánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́ nílé, kó gbé e sí i, kó má wá ìtumọ̀ rárá nígbà àkọ́kọ́. Kó máa tẹ̀lé èémí nìkan. Á rí i bí ìlà kan ṣe lè gùn tó ìlà mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e, tí kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ìrìn rẹ̀ kò bára mu.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn nínú ìjálá: àwọn tó ń gbọ́ ọ kì í dákẹ́. Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìjálá sórí ìwé lọ́nà ẹ̀kọ́ gíga nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1966, ṣàlàyé bí oníjálá kan ṣe lè dá ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lójú agbo pé irọ́ ló ń pa, pé oríkì náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá dúró kì í bínú kúrò níbẹ̀. Á fèsì pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn, tàbí pé òun mọ ohun tí òun ń wí, á sì fi ohùn ìjálá náà fèsì, láìjẹ́ kí ìrìn já. Èyí ni mo pè ní iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a há sórí nìkan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè yẹ̀ wò lọ́wọ́ ẹni lójú gbogbo ayé ni, tí ẹni náà sì gbọ́dọ̀ gbèjà rẹ̀ nígbà tí èémí rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà tó tẹ̀lé e.

Oríkì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Oríkì Olúfẹ̀, oríkì Òpómúléró, oríkì Oníkòyí, ẹ lè gbọ́ wọn lẹ́nu oníjálá ní àárọ̀, lẹ́nu onírárà ní ọ̀sán, lẹ́nu eléégún ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé lè má mọ èyí tí ó jẹ́ ìjálá yàtọ̀. Ohùn ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dùn mí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń há orúkọ "lítíréṣọ̀ alohùn" sórí fún ìdánwò, ìjálá, rárà, ìyẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń lò wọ́n àti àsìkò tí wọ́n ń lò wọ́n, láìgbọ́ ọ̀kan nínú wọn rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kò kọjá orúkọ. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn nísinsìnyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó láti fi gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilé iṣẹ́ rédíò ti ṣe iṣẹ́ ribiribi nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní Ìbàdàn. Adébáyọ̀ Fálétí, Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Láńrewájú Adépọ̀jù gbé ewì tiwọn jáde lórí afẹ́fẹ́ àti nínú àwo, ohùn tí wọ́n sì fi gbé e kò ti inú ìwé wá. Ewì tí akéwì kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àmọ́ ìparí ìlà rẹ̀ ń tẹ̀ síbi tí ti baba-ńlá wa ń tẹ̀ sí. Ohun tí n kò fẹ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lónìí. Wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí ń gé èémí kúrò nínú ohùn, wọ́n sì ń lò ó. Wọ́n á mú gbogbo ibi tí olóhùn ti mí, wọ́n á yọ ọ́ dànù bí ẹni ń yọ òkúta nínú ìrẹsì, wọ́n á lẹ ìlà pọ̀ mọ́ ìlà. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kì í ṣe sísun mọ́, nítorí ibi tí èémí ti parí ni ìlà ti parí. Bí ẹ bá yọ èémí, kò sí ìlà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ìgbéyàwó lónìí náà, alága ìjókòó àti alága ìdúró ti gba ààyè tí ọmọbìnrin fi ń sun ẹkún fún àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ní ọgbọ́n nínú, ẹnu wọn mú, wọ́n mọ bí a ṣe ń dá ènìyàn lára yá. Kíkọ ni tiwọn, wọn kì í sun. Mo sì ń fẹ́ kí ẹni tó ń lọ sílé ọkọ fi ohùn ara rẹ̀ dágbére, bí ìlà mẹ́ta péré ni.

Ìyẹ̀rẹ̀ ni ó dúró ṣinṣin jù nínú gbogbo wọn, ètò tó wà nínú rẹ̀ ló sì mú un dúró. Babaláwo kan á gbé e, àwọn yòókù á máa dáhùn ní ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá pé: "Hán-in." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó rí bẹ́ẹ̀. Wándé Abímbọ́lá ti kọ ọ́ pé bí ẹni tó ń sun bá ṣì í, wọn kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kó tún un ṣe, bí ó bá sì tún ṣì í, wọ́n lè pariwo lé e lórí kí wọ́n sì mú un kúrò láwùjọ. Ẹ wo bí èémí, ọ̀rọ̀ àti òtítọ́ ṣe so pọ̀ níbẹ̀. Olóhùn ń dúró kó lè mí. Ìdúró yẹn kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń jẹ́rìí sí i tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Bí kò bá dúró, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé Ifá lọ, wọ́n sì gbé èyí náà lọ. Títí di òní, suyere ni àwọn babaláwo ibẹ̀ ń pe orin tí wọ́n ń gbé nídìí Ifá. Ẹ sọ "sun ìyẹ̀rẹ̀" ní kíákíá, láìdúró láàárín, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti kékeré, ẹ ó gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó níbẹ̀ kò sọ Yorùbá nílé mọ́. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń ra ọjà, òun ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá gbé suyere, àwọn tó kù á dúró de ìdí ìlà, wọ́n á sì dáhùn.